Ọparun Ẹ̀yìn Fèrèsé

"Máyọ̀kún, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ wà. Àdá méjì péré la fẹ́."

"Ládi, ọ̀gá àgbà ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọparun yẹn."

"Ọ̀gá àgbà ní, ọ̀gá àgbà ní! Ṣé ọ̀gá àgbà ni yóò bá wa pàgọ́? Ọ̀la ni ìdíje eré ìdárayá. Ilé Aláwọ̀ Pupa ti ta tapólì sókè, àwa Ilé Aláwọ̀ Ewé ṣì ń to àga. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, wòlíì?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Lotto, ní Mowe, létí òpópónà márosẹ̀. Odò kékeré kan ṣàn láàárín ọ̀nà náà àti kíláàsì wọn, ọparun sì hù létí rẹ̀, ó dí bí ògiri. Ìró omi lórí òkúta àti ìró ewé nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń gbọ́ láti ojú fèrèsé; ìró tírélà kì í ju ohun tó jìnnà lọ. Ikram ni ó ń jókòó ti Máyọ̀kún. Àìsàn kan ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́ ní kékeré, etí ọ̀tún nìkan ni ó fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Máyọ̀kún mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní wòlíì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti gé ọparun náà tán, wọ́n sì fi pàgọ́.

Àgọ́ Ilé Aláwọ̀ Ewé ni ó gba ipò kìíní. Ládi gbé ife ẹ̀yẹ yípo pápá.

Lọ́jọ́ Ajé, bí Olùkọ́ Àdìó ti la ẹnu, tírélà kan fọn fèrè. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀; òmíràn tún dé.

"Kí ni wọ́n wí?" Ikram bi Máyọ̀kún.

"Wọ́n ní ká ṣí ìwé."

"Ìwé wo?"

Kí ó tó dáhùn, ọkọ̀ mìíràn ti bo ohùn rẹ̀. Nígbà tó yá, Ikram kò béèrè mọ́. Ẹnu olùkọ́ ni ó kàn ń wò. Ìdánwò dé, ó sì fìdí rẹmi, òun tí kò fìdí rẹmi rí.

Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Ọláwùnmí, ọ̀gá àgbà. Máyọ̀kún wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà.

"Ẹ má bínú, mà. Yóò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ifọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jìnnà sí títì. Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun ti di olódo."

Máyọ̀kún wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Ládi àti àwọn yòókù tó gé ọparun."

"Ṣé o mọ̀ pé etí kan ni Ikram fi ń gbọ́ràn?" ọ̀gá àgbà bi í.

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n pè mí ní wòlíì."

Ìyá Ikram tẹjú mọ́ ọn. "Wòlíì nìkan?"

Máyọ̀kún gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí tábìlì.

Ọ̀gá àgbà pàṣẹ pé kí Máyọ̀kún àti Ládi gbin ọparun mìíràn.

"Ìgbà wo ni yóò ga, mà?"

"Ẹ ó ti jáde níbí kó tó ga."

Lọ́jọ́ tí Ikram ń lọ, ó wá bá wọn létí odò. Ó dẹ etí ọ̀tún sí omi.

"Ṣé odò yìí ti gbẹ ni?"

"Rárá o. Wò ó, ó ń ṣàn."

"Mi ò gbọ́ ọ."

Máyọ̀kún náà tẹ́tí sílẹ̀. Òun náà kò gbọ́ nǹkan kan, àfi tírélà.

Igi àti omi tó yí wa ká ń ṣe iṣẹ́ tí ojú kò rí. Ohun tí a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gé nítorí ìbẹ̀rù yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́, ẹlòmíràn lè jìyà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìjẹ́wọ́ wa kò sì ní mú un hù padà lójijì. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì í.