Tíṣà Tó Ń Kọ Orúkọ fún Baálẹ̀

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé òkú Ebenésérì wọ Òkè-Ẹmì, abúlé kan lọ́nà Òwu-Ìsin, láyé ìgbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ṣì ń fi orí ènìyàn ru ẹrù rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá, ọkùnrin méjì sì gbé e kọjá níwájú ilé àdúrà. Sòbìyà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú kí ó tó kúrò nílé, gbogbo abúlé ló rí i, síbẹ̀ Baálẹ̀ ní kó lọ ru àpótí ajẹ́lẹ̀ dé Òkè-Ọdẹ.

Tíṣà Áárọ́nì, olórí ìjọ, ló kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé aláàrù. Òun nìkan ló mọ̀wé níbẹ̀, òun sì ni Baálẹ̀ máa ń ránṣẹ́ pè nígbàkígbà tí dógarì, ẹ̀ṣọ́ ẹ́míà, bá ti Ìlọrin dé láti kó aláàrù. Nígbà tí Ebenésérì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ òun, tíṣà ní Bíbélì pa á láṣẹ pé ká tẹrí ba fáwọn aláṣẹ.

Sárà, ìyàwó olóògbé, kò sunkún lójú tíṣà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà pẹ̀lú kíjìpá dúdú tó ró.

"Tíṣà, ẹ ní kí ọkọ mi gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn. Kí ni Baálẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu yín rí?"

Áárọ́nì fẹ́ wọlé, Sárà kò yà fún un.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ ò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé aláìsàn kì í ru ẹrù. Àwa nìkan lẹ ń ka ìwé yẹn fún."

Inú kọ́kọ́ bí Áárọ́nì sí obìnrin náà. Nígbà tó fi máa délé, ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Kò lè jẹun. Ìbínú náà kò lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, dógarì tún dé. Baálẹ̀ jókòó lórí awọ màlúù nínú dàńdógó etù, àwọn àgbà yí i ká. Áárọ́nì wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baálẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Kí àṣẹ pẹ́ lẹ́nu yín."

"Dìde, tíṣà. Ogún ènìyàn ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ ni kó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn kì í jiyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Kò dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin lolórí wa, ìdí nìyí tí mo fi wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin lẹ rán Ebenésérì, èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀. Àwa méjèèjì la pa á."

Ojú Baálẹ̀ pọ́n.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ẹ gbé ẹrù tó wúwo jù rù ú."

Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ru àpótí ajẹ́lẹ̀ dé Pàtígi. Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù lọ pẹ̀lú rẹ̀, torí dógarì fi ojú ṣà wọ́n láìwo ìwé. Ó di oṣù kẹrin kó tó padà, ọrùn rẹ̀ kò sì ṣeé yí mọ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Sárà bu omi fún un, ó kí i kú ìrìn. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Áárọ́nì náà kò béèrè.

Nígbà tó yá, mọ́tò dé, ìjọba kò wá aláàrù mọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Áárọ́nì kò yé dárúkọ Baálẹ̀ nínú àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ a sì ṣe àmín. Sárà nìkan ni kì í ṣe é. Áárọ́nì ò bá a wí rí.