Ẹyẹ Tí Ẹyinjú Kò Rí

Ẹyinjú ló kọ́kọ́ jí lọ́jọ́ Sátidé.

Ó jí ṣáájú mọ́mì. Ó jí ṣáájú dádì. Ó jí ṣáájú Màmá Àgbà pàápàá, Màmá Àgbà tí kì í pẹ́ lórí ibùsùn.

Ẹyinjú kọ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Màmá Àgbà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé sì bá a pè é.

Ó wọ bàtà òjò. Ó bọ́ ọ. Ó tún un wọ̀, nítorí ó ti ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì.

"Màmá Àgbà, ilẹ̀ ti mọ́!"

"Ilẹ̀ wo ló mọ́? Ojú tìẹ ló mọ́," ni Màmá Àgbà wí. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sì ti ń wá gíláàsì rẹ̀ kiri.

Gíláàsì náà wà lórí rẹ̀.

Òní ni wọn yóò ka ẹyẹ ní àbàtà.

Àbàtà náà kò jìnnà. Ó wà lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́yìn afárá, níbi tí títì parí sí. Omi wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Koríko tó ga ju dádì lọ wà níbẹ̀.

Àwọn ẹyẹ ló ni ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn síbẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé, Màmá Àgbà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ wo ẹyẹ. Ẹyinjú kò bá wọn lọ rí. Òní ni àkọ́kọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ti lè dákẹ́.

"Mo lè dákẹ́ dáadáa," ni Ẹyinjú wí.

Ó wí i títí wọ́n fi dé ilé ìwé. Ó wí i títí wọ́n fi kọjá afárá.

"Mo ti gbọ́," ni Màmá Àgbà wí. "Gbogbo àdúgbò ti gbọ́."

Àǹtí Olùtọ́jú dúró lẹ́nu géètì. Òun ló ń tọ́jú àbàtà. Ìwé ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni bá rí, inú ìwé yẹn ló ń kọ ọ́ sí.

Dírẹ́bà, ọ̀rẹ́ Màmá Àgbà tó ń wa bọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì dún bí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ àbàtà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi," ó wí fún Ẹyinjú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá Télọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, nítorí ó pẹ́ tó ti ń tẹríba fún ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bàbá Télọ̀ fẹ́ràn gbogbo ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń wá.

"Ẹyẹ apẹja ni," ó wí fún Ẹyinjú. "Kékeré báyìí ni. Ẹnu rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù. Ó ti pé ogójì ọdún tí mo ti ń rán aṣọ, mi ò rí irú búlúù yẹn lára aṣọ kankan rí."

"Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn, bàbá?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta! Ẹ sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí mo bá jókòó sílé lọ́jọ́ tó padà wá ńkọ́?"

Wọ́n gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi. Ko. Ko. Ko. Ko.

Wọ́n dé ilé pákó kékeré kan láàárín koríko. Bẹ́ǹṣì wà nínú rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn. Tí èèyàn bá jókòó síbẹ̀, ẹyẹ kò ní rí i. Òun ni yóò rí ẹyẹ.

Àǹtí Olùtọ́jú gbé awò olójú méjì kan kọ́ Ẹyinjú lọ́rùn. "Èyí máa ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí," ó wí. "Gbé e sójú, kó o máa wò."

Awò náà wúwo. Ẹyinjú fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Mo rí i!" ni Dírẹ́bà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Pẹ́pẹ́yẹ méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó yẹn."

Wọ́rọ́, wọ́rọ́. Àǹtí Olùtọ́jú kọ ọ́.

Ẹyinjú gbé awò sójú. Ó wò. Ó wò títí. Kò rí nǹkan kan.

"Mo rí i!" ni Màmá Àgbà wí. "Lékèélékèé mẹ́ta. Ẹ wò wọ́n lórí igi lọ́hùn-ún, bí aṣọ tí wọ́n sá."

Wọ́rọ́, wọ́rọ́. Àǹtí Olùtọ́jú kọ ọ́.

Ẹyinjú wò. Ó wò títí. Dúdú ló ń rí níbí. Dúdú ló ń rí lọ́hùn-ún. Ó rí irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀. Kò rí ẹyẹ kankan.

"Mo rí i!" ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ẹ̀gà kan ń hun ilé. Wò ó bó ṣe ń fa koríko yẹn já! Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń wá."

Wọ́rọ́, wọ́rọ́.

Ẹyinjú wò. Ó wò títí, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Gbogbo wọn ló ti rí tiwọn. Ẹyinjú nìkan ló kù.

Ni nǹkan kan bá kọjá lójú fèrèsé. Fìrì!

Bóyá lamilámi ni. Bóyá ewé ni. Ẹyinjú kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti là.

"Mo rí i!"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí lo rí?" ni Àǹtí Olùtọ́jú bi í.

"Ẹyẹ," ni Ẹyinjú wí. "Ẹyẹ kékeré kan."

"Àwọ̀ wo ni?" ni Bàbá Télọ̀ bi í. Ó ti sún mọ́ ọn.

Ẹyinjú wo ojú Bàbá Télọ̀.

"Búlúù," ó wí, ó sì nàka síta.

"Ẹ̀HẸ́N!" Dírẹ́bà gbàgbé pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Pẹrẹpẹrẹpẹrẹ! Pẹ́pẹ́yẹ méjèèjì fò lọ.

Màmá Àgbà gbá Ẹyinjú mọ́ra. Àǹtí Olùtọ́jú kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: Ẹyẹ apẹja. Ọ̀kan. Ẹyinjú ló rí i.

"Mà á kọ ọ́ sára pátákó ẹnu géètì," ó wí. "Kí gbogbo èèyàn lè kà á."

Bàbá Télọ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Ó tún un dé. "Ó padà wá," ó wí. "Ẹ ò rí nǹkan? Ó padà wá!"

Ó yẹ kí inú Ẹyinjú dùn. Inú rẹ̀ kò dùn.

Nígbà tó yá, Màmá Àgbà bu tíì fún wọn, ó pín bísíkíìtì. Kírú, kírú, kírú. Dírẹ́bà jẹ mẹ́rin.

Bàbá Télọ̀ kò jẹ. Bàbá Télọ̀ kò mu.

"Ẹ máa jẹ tiyín," ó wí. "Mi ò kúrò lójú fèrèsé yìí."

Ó gbé awò rẹ̀ sójú. Kò gbé e sílẹ̀. Ó ń wo ibi tí Ẹyinjú nàka sí, ó ń wo ibẹ̀, ó ń wo ibẹ̀.

Ẹyinjú gbé bísíkíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa aṣọ Màmá Àgbà.

"Màmá Àgbà, inú ń run mí."

"Ṣé bísíkíìtì ló fà á?"

"Bísíkíìtì kọ́. Ọ̀rọ̀ ni."

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹyinjú sọ ọ́ sí i létí, wúyẹ́wúyẹ́wúyẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá Àgbà kò pariwo. Kò rẹ́rìn-ín náà.

"Ta ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?" ó bi í.

Ẹyinjú mọ̀ ọ́n. "Bàbá Télọ̀."

"Ṣé kí n bá ẹ sọ ọ́?"

Ẹyinjú rò ó. Ó rò ó dáadáa.

"Rárá o," ó wí. "Ẹ ṣáà di ọwọ́ mi mú."

Bẹ́ǹṣì Bàbá Télọ̀ kò jìnnà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ko. Ko. Ko. Ko. Kò sí ọ̀nà tó gùn tó o láyé.

"Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Mi ò rí i. Mi ò rí ẹyẹ kankan. Irọ́ ni mo pa. Ẹ má bínú."

Bàbá Télọ̀ rọra gbé awò rẹ̀ sílẹ̀.

Kírú bísíkíìtì dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń ké lábẹ́ pákó. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

"Ó dùn mí," ni Bàbá Télọ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò ní tàn ẹ́. Ó dùn mí gan-an."

Omi bọ́ lójú Ẹyinjú. Ó bọ́ sórí bàtà òjò rẹ̀. Tó. Tó.

"Ṣùgbọ́n tí o ò bá sọ fún mi," ni Bàbá Télọ̀ wí, "ǹ bá ṣì jókòó síbí títí alẹ́, kí n máa wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó le láti sọ, o sì sọ ọ́. O ṣeun, ọmọ mi."

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú Ẹyinjú.

Àǹtí Olùtọ́jú mú rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Fọ̀ọ́, fọ̀ọ́. Ó pa ohun tó kọ rẹ́.

Dírẹ́bà wúkọ́. "Èmi náà ti ṣe é rí," ó wí. "Mo ní mo rí àwòdì. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá dúdú tó há sórí igi! Mo tún ní méjì ni wọ́n."

Màmá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Olùtọ́jú tẹ̀ lé e. Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Ẹyinjú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, pẹ̀lú ikun nímú.

"Ṣùgbọ́n dúró ná," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Kí ló dé tí o ò rí nǹkan kan láti àárọ̀?"

"Dúdú ni mò ń rí, bàbá. Dúdú níbí, dúdú lọ́hùn-ún."

"Gbé awò yẹn sójú kí n rí i."

Ẹyinjú gbé e sójú. Bàbá Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka wọn ojú rẹ̀, láti ojú ọ̀tún dé ojú òsì, bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún un.

"Áà!" ó wí. "Ọmọ yìí kò jẹ̀bi. Awò yìí ló tóbi jù fún un! Ojú àgbàlagbà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká dín in kù díẹ̀."

Ó di awò náà mú lápá méjèèjì. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kẹ́.

"Ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀, bàbá."

Kẹ́.

"Báyìí ńkọ́?"

Ẹyinjú tún wò.

Dúdú ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ ti dé. Ó rí omi. Ó rí ewé òṣíbàtà tó léfòó lórí omi, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi na ọwọ́ láti fọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan ń rìn lórí ewé náà.

Ẹyinjú kò pariwo. Kò mira. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹyẹ kan wà níbẹ̀," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dúdú ni. Ẹnu rẹ̀ pupa. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó kó ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Àǹtí Olùtọ́jú ti yọ pẹ́ńsùlù létí.

"Ìyá kan," ó wí. "Ọmọ márùn-ún."

"Ẹ dúró ná, àǹtí! Ẹ má tíì kọ ọ́."

Ewé kan ń mì lẹ́yìn wọn. Ọmọ ẹyẹ kékeré kan sáré jáde, dúdú kirikiri bí òwú tí wọ́n ká jọ. Ó yọ̀. Jàbú! Ó ṣubú sómi. Ó gun ewé padà, ó gbọn ìdí, ó tún ń sáré.

"Mẹ́fà ni," ni Ẹyinjú wí.

"Mẹ́fà," ni Àǹtí Olùtọ́jú wí, ó sì kọ ọ́. Wọ́rọ́, wọ́rọ́.

Bàbá Télọ̀ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́ kù. "Wá jókòó síbí," ó wí. "Níbo ni wọ́n wà? Fi wọ́n hàn mí."

Ẹyinjú jókòó tì í. "Lápá ọ̀tún, bàbá. Ẹ rọra. Ẹ má yára jù."

Wọ́n jókòó ti ara wọn, ejìká kan ejìká. Wọ́n ń wo ìyá ẹyẹ bó ṣe ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú koríko, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí èyí tó kéré jù náà fi wọlé.