Ìwé Júrì Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Gààrí

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ fi bíró yín sílẹ̀ ná. Bí lẹ́tà ilé ẹjọ́ bá wọlé, tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ yín tó wà ní yunifásítì ló wà lára rẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ẹ má sì fi pamọ́. Èmi ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹrin. Tàbí Ọjọ́rú. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ní Westchase tí mo ti ń tún ọ́fíìsì ṣe. Mo yà síbi àpótí lẹ́tà níwájú ilé wa. Mo máa ń wo ẹ̀yìn mi kí n tó ṣí i. Ìwé ìpolówó písà ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìwé ìpolówó dókítà eyín. Lẹ́yìn náà ni mo rí òun.

Orúkọ ọmọ mi ló wà lórí rẹ̀, Olúwapẹ̀lúmi. Ọmọ ogún ọdún ni. Lubbock ló ti ń kàwé, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án sí Houston níbí. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sókè orúkọ rẹ̀ gàdàgbà: sámọ́ńsì.

Mo fi ìwé náà sábẹ́ apá, mo sáré wọlé.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n mo mọ sámọ́ńsì. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá, akódà gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa, ó fún bàbá mi ní sámọ́ńsì nítorí ilẹ̀ kan. Bàbá mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n bá fún ní sámọ́ńsì, wọ́n ti pè é lẹ́jọ́ nìyẹn.

Kí ni Pẹ̀lúmi ṣe? Ta ló pè é lẹ́jọ́?

Bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà. Ó ti dé Arizona. Mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú nídìí ọkọ̀. Mo ká ìwé náà, mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í sábẹ́ gààrí nínú ike ńlá tó wà ní kíṣìnì. Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bu gààrí, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ti ń bù ú, kí ọ̀rá náà má baà yọjú.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Bùọ̀dá Fúnṣọ́, olórí akọrin wa. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí.

"Ọ̀rẹ́ yín wo?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ọ̀rẹ́ yín náà ní ọmọ ní Lubbock ni?"

Mo tún gèlè mi wé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì Pẹ̀lúmi, ẹ fọkàn balẹ̀. Júrì ni wọ́n ń pè é sí. Wọ́n fẹ́ kó wá jókòó ní kóòtù ni. Ibì kan wà nínú ìwé yẹn tí wọ́n ti bèèrè bóyá sítísìn ni. Ẹ sàmì sí 'rárá'. Ó parí. Bí èmi náà ṣe ṣe é nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò dà mí láàmú mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò rántí bi í pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé òun gan-an ti di sítísìn.

Mo délé, mo yọ ìwé náà kúrò lábẹ́ gààrí, mo gbọn ọ́n, mo wọ gíláàsì mi. Mo wá ìbéèrè náà títí mo fi rí i. Mo rò ó dáadáa, mi ò sáré. Ọmọ ibí ni wọ́n ń bèèrè. Pẹ̀lúmi kì í ṣe ọmọ ibí. Ọmọ Ìgbájọ ni, ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti kọ́ ọ: bí àgbàlagbà bá bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́, kí o ní, "Ọmọ Ìgbájọ ni mí, mà." Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa.

Mo fa bíró sí "rárá". Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n ní kí wọ́n sáìnì sí. Orúkọ náà rí bí ìgbà tí kòkòrò rìn kọjá lórí bébà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí láíbìrì láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mi ò jẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba kí n má ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Hafsah ló wà nídìí tábìlì. Ọmọ Ìlọrin ni, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Òun ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù tí mo fi ń wá sítísìn tèmi, tí mo ṣì ń retí èsì rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Kí la fẹ́ ṣe lónìí?"

"Kóòpì ni. Má kà á o."

"Mà?"

"Ṣá wo ibòmíì, kí o tẹ̀ ẹ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe gbà á. Nígbà tó rí i, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló sáìnì ìwé yìí?"

Mo wo sẹ́kúríìtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Rọra sọ̀rọ̀."

"Ta ló sáìnì ẹ̀, mà?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ni mo kọ."

Ó fa àga fún mi. "Ẹ jókòó mà. Ọmọ ibo ni Pẹ̀lúmi?"

"Ọmọ Ìgbájọ."

"Níbo lẹ bí i sí?"

"Bíbí? Níbí ni. Ọsibítù tó wà ní Medical Center. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, omi kún orí títì fríìwéè, bàbá ẹ̀ ní kí n mú un mọ́ra, mo ní ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi mú un mọ́ra ni..."

"Mọ́mì. Ibí tí ẹ bí i sí yẹn ló sọ ọ́ di sítísìn. Ìwé yìí ò bèèrè ilé bàbá ẹ̀."

Mo tún gíláàsì mi ṣe, mo wo ìwé náà.

"Ṣé ó ti dìbò rí?"

"Ó ti dìbò! Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún. Ó lẹ bébà kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tó bá dìbò mọ́ àyà, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Nínú gbogbo wa, òun ló kọ́kọ́ dìbò nílẹ̀ yìí."

"Ó dáa. Tí ẹ bá fi ìwé yìí ránṣẹ́, kóòtù máa fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ àwọn olùdìbò, pé ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe sítísìn. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí i, pé kó mú ẹ̀rí wá. Tí kò bá dáhùn lásìkò, wọ́n lè yọ orúkọ ẹ̀. Inú àpótí ta ni lẹ́tà yẹn máa bọ́ sí, mà?"

"Tiwa."

"Kí lẹ máa ṣe sí i?"

Abẹ́ gààrí ló wá sí mi lọ́kàn.

"Ẹ̀yin náà rèé, fọ́ọ̀mù tiyín ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ń kọ irọ́ sórí ìwé ìjọba?"

"Irọ́ kọ́!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. Sẹ́kúríìtì yíjú sí wa. Mo tẹrí ba, mo ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì mi.

Hafsah ò jẹ́ kó pẹ́. Ó rọra fi ìka kan ọ̀rọ̀ gàdàgbà yẹn. "Èyí ló dẹ́rù bà yín, àbí? Mọ́mì, wọn ò pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní kó wá gbọ́ ẹjọ́ ni."

Mo tún un sọ lẹ́nu ara mi. Wọn ò pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní kó wá gbọ́ ẹjọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mí, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

"Adájọ́ wọn ńkọ́? Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun ló ń sọ ohun tí òfin wí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú, èèyàn mẹ́fà tàbí méjìlá, àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ẹnu tọ̀tún tòsì, tí wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀."

"Ará ìlú lásán? Tí kò kọ́ lọ́yà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n máa ń fún wọn ní wíìgì?"

"Kò sí wíìgì, mà."

"Pẹ̀lúmi yìí? Tí ìrẹsì ń jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Wọn ò ní kó se ìrẹsì ní kóòtù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún rántí pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ ìdánwò rẹ̀, ẹ̀rín náà pòórá.

"Èmi náà ti rí i rí," Hafsah sọ. "Mo wà níléèwé ní Austin. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Cypress ni ìwé tèmi lọ. Ó gbé e sórí fíríìjì fún oṣù mẹ́rin, ó ní òun ń dúró dè mí. Nígbà tí mo délé, ìwé kejì ti dé, èyí tí wọ́n fi ń halẹ̀ pé mi ò dáhùn. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yìí fúnra ẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà."

"Má dárúkọ mi o!"

Obìnrin tó gbé fóònù ò tilẹ̀ bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ní Texas níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, tó sì ń lọ sí kíláàsì, ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda kó má wá. Kì í ṣe dandan kó gbà á. Bó bá wù ú láti wá, ó lè bèèrè pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìwé ló gbọ́dọ̀ dáhùn, kó sì dáhùn kí ọjọ́ tó pé. Ó lè ṣe é lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì láti ibi tó bá wà.

Hafsah ya ojú ìwé náà ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Pẹ̀lúmi lórí WhatsApp. Fọ́ọ̀mù tí mo sáìnì, a ò fi ránṣẹ́ síbì kankan. Mo wá pe ọmọ mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí gààrí.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá kọ ọ́ pé mi ò kí ń ṣe American?"

"Ọmọ Ìgbájọ ni mo rò."

"Mọ́mì!"

"Má bínú. Mo bẹ̀ ọ́."

"Orúkọ mi ni, Mọ́mì. Ẹ kàn bèèrè lọ́wọ́ mi." Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ nǹkan. "Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ní exam mẹ́ta."

"Gba ìyọ̀ǹda, kó tán."

"Rárá. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Mo máa sún un sí June, màá ti wálé."

Kó tó di pé mo rí àlàyé ṣe, ó ti parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré. Èmi sì ti fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn bẹ̀rù ìwé tó wà lábẹ́ gààrí.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn rèé. Ìwé tó bá ní orúkọ ọmọ yín, ọmọ yín ló ni ín. Ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí i, kó dáhùn fúnra rẹ̀. Bó bá wà ní yunifásítì, ẹ sọ fún un pé ìyọ̀ǹda wà, pé a sì lè sún ọjọ́ síwájú, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ má sáìnì orúkọ ẹlòmíì. Ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú ìjọ lè jẹ́ irọ́ lórí ìwé tiyín. Bùọ̀dá Fúnṣọ́ ò purọ́ nígbà tirẹ̀, mo ti bi í báyìí; kò tíì di sítísìn nígbà náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rú yín lójú, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà ni kí ẹ pè.

Oṣù kẹfà dé. Mo fi mọ́tò gbé Pẹ̀lúmi lọ sí àárín ìlú láàárọ̀ kùtù. Mo rò pé wọ́n máa dá a padà. Wọ́n mú un. Ó di ọ̀kan lára àwọn júrì náà.

Nígbà tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti se ìrẹsì, mo ti din dòdò. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀. Mo jẹ́ kó jẹun díẹ̀.

"Báwo ni?"

"Ó dáa, mà."

"Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ọkùnrin ni tàbí obìnrin?"

"Mọ́mì, adájọ́ ní ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí ó fi máa parí."

"Fún àwọn ará ìta nìyẹn. Èmi ìyá ẹ?"

"Ó ní mother pàápàá." Ó ń jẹ dòdò rẹ̀ lọ. "Ó dárúkọ yín gan-an."

"Sọ èyí tí kò léwu. Ṣé orí ilẹ̀ ni?"

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Mo sọ fún un nípa akódà tó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa, àti bàbá mi tí oúnjẹ rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó gbọ́ ọ tán.

Mo wá ní, "Ìbéèrè kan péré ló kù. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀rù ń bà á?"

Ó wò mí. Ó tún mú ṣíbí rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."