Bàbá Mi, Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Òyìnbó

Ọ̀gbẹ́ni Haskett kọ ìṣirò kan sójú pátákó, ó fẹ̀yìn rìn wò ó, ó tún sún mọ́ ọn, ó nu apá kan rẹ̀ kúrò, ó sì rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti wà lẹ́nu ẹ̀, ìṣirò náà ò tíì lójútùú. Àwa ọmọ kíláàsì SS 2 náà rẹ́rìn-ín padà sí i. Ká ní olùkọ́ dúdú ló dúró bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti máa fọwọ́ lu tábìlì, à bá ti máa sín in jẹ. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni, nítorí náà a gbà pé ìṣirò náà ló ń ṣagídí.

Ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ pe Mister Wally wá. Ó ní òun fẹ́ kó wá fi ìṣirò náà dánra wò.

Mister Wally ni bàbá mi. Ògúnwálé lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n òyìnbó náà ní orúkọ náà wúwo jù fún ahọ́n òun. Bàbá mi wọlé, wọ́n wo pátákó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìlà méjì parí ìṣirò náà, wọ́n gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ wọn nù, wọ́n sì padà sí kíláàsì wọn. Haskett pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àwa náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó la pa tiwa fún.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí Haskett. Bàbá mi ló ń tì mí lójú, pẹ̀lú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn tí ìyá mi ti yí padà rán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síbí: òmùgọ̀ pọ̀ nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní.

Ọdún 1988 ni. Ilé ìwé náà wà lẹ́yìn Sapele Road ní Benin, wọ́n sì kọ "International" gàdàgbà sára ògiri rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ọ́ di International ni Haskett. Ìyáàfin Èṣùbíyì tó ni ilé ìwé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Madam, ló rí ọkùnrin náà he ní England. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ilé ìwé wa ò sì ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́; ẹ̀rọ omi wa gan-an, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ. Madam ní kò burú, kó máa kọ́ wa ní ìṣirò. Kò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Awọ ara rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí.

Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àṣírí, torí Madam fúnra rẹ̀ ló ń kà á fún àwọn òbí bí ẹni ń ki oríkì. Ilé ńlá ní GRA láìsan kọ́bọ̀, Peugeot pẹ̀lú dírẹ́bà, kúùkù, jẹnẹrétọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ́dọọdún fún òun àti ìyàwó rẹ̀, ìdajì owó oṣù rẹ̀ sì ń lọ sí England ní pọ́n-ùn. Àwọn òbí á máa mi orí. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá wọ́n tó báyìí kò lè ṣàì mọ nǹkan. Bí owó ilé ìwé ṣe ń gòkè ni wọ́n ń san án tayọ̀tayọ̀, lọ́dún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí ìyá mi ń fi agolo mílíìkì kan ṣe ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Bàbá mi gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Ifẹ̀, wọ́n sì ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Yàrá méjì ni àwa márààrún ń gbé ní àdúgbò Ogida. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó ti tábìlì, wọ́n á máa kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún Haskett, kó lè rí nǹkan kà sí wa létí.

Ní oṣù kẹwàá, ìwé ìgbélùú òyìnbó náà fẹ́ tán. Òfin sọ pé àjèjì tó bá ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí yóò gba ipò rẹ̀ tó bá yá. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn bíi Madam mọ bí wọ́n ṣe ń yí i po: wọ́n á kọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà náà ṣì ń kọ́ ọ, kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí ìjọba jẹ́ kí òyìnbó dúró fún ọdún méjì sí i.

"Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mò ń kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ Haskett," bàbá mi wí nígbà tí a ń jẹun. "Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mi ò tíì lè dá kíláàsì mú."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn, Bàbá Bùnmi?" ìyá mi béèrè.

"Mo ní tó bá jẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó kọ́ mi, màá fọwọ́ sí i."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn dé kíláàsì wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ sì ń sọ pé bí Haskett bá lọ, ilé ìwé wa á di ilé ìwé lásán, pé ìlara ló ń da bàbá mi láàmú. Ìyábọ̀ tó jókòó tì mí tilẹ̀ sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Daddy, na just paper," mo wí. "Make una just sign am. Everybody dey sign am."

"Yorùbá là ń sọ nínú ilé yìí," bàbá mi dáhùn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kò sí ìwé tó jẹ́ ìwé lásán, Bùnmi. Bí mo bá fọwọ́ ara mi kọ irọ́ nípa ara mi, ta ló máa bá mi jà á níyàn?"

Lọ́jọ́ kejì, Madam ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn níbẹ̀, Haskett sì jókòó sí igun kan, ó ń mu tíì. Mo kúnlẹ̀ kí Madam.

"Dìde, ọmọ mi, jókòó. Ṣé o fẹ́ lọ kàwé ní England?"

"Yes, ma."

"Mo mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Haskett fẹ́ràn rẹ. Bó bá dúró, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé fún ọ tí wọ́n á fi fún ọ ní físà, ilé ìyá rẹ̀ lo sì máa dé sí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ń ṣagídí. Ìlara ni. Mi ò bá a wí, ipò rẹ̀ ló fà á." Ó fa ìwé kan yọ láti inú dúróà, ó gbé e síwájú mi. "Ìwọ lo máa ń bá a fọwọ́ sí káàdì èsì ìdánwò nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, àbí irọ́ ni mo pa?"

Kò parọ́. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, káàdì tó lé ní igba ló ń wà níwájú bàbá mi, àwa ọmọ olùkọ́ sì mọ̀ pé iṣẹ́ ilé tiwa nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kọ máàkì tán, èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i fún wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tiwọn.

Mo ka ìwé náà. Ó ní K. Ògúnwálé ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Haskett fún ọdún méjì, pé ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ nínú ìṣirò kò tíì tó láti dá dúró. Mo fọwọ́ sí i. Haskett ní "Good girl", ó na àwo bisikíìtì sí mi, ó sì fà á padà nígbà tí mo mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni mo ta bàbá mi, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó dé kíláàsì.

Ìwé ìgbélùú jáde. Madam sọ fún bàbá mi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lagos ti fojú fo ìwé tí bàbá mi kọ̀ láti fọwọ́ sí, bàbá mi sì gbà á gbọ́. Ní oṣù Kejìlá, mo lọ bá Haskett nípa lẹ́tà England mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó béèrè pé èwo ni mí nínú àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn tí mo ti ń jíṣẹ́ fún un láti ọdún méjì! Ó ní kí n lọ bá Madam. Madam ní kí n kọ́kọ́ jáde ìwé ná, kí n má fi ìwàǹwára ba orí rere mi jẹ́.

Ọdún tuntun wọlé, ìròyìn sì dé inú ìwé ìròyìn pé orílẹ̀-èdè Botswana ń wá olùkọ́ ìṣirò. Bàbá mi kọ̀wé. Wọ́n pè wọ́n sí Lagos, wọ́n fún wọn ní ìdánwò, bàbá mi sì ṣe ipò kejì nínú àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ní báyìí, bàbá mi ni àlejò tí ìlú mìíràn fẹ́ gbé ilé kalẹ̀ fún. Ilé oníyàrá mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa, owó ilé ìwé àwa ọmọ, àti owó oṣù tí SAP kò lè fọwọ́ kàn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta àpótí ìrìn-àjò lọ́jà. Àwọn àbúrò mi ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó ku kí ilé ìwé wa jẹ́rìí sí irú olùkọ́ tí bàbá mi jẹ́, kí físà sì jáde.

Wọ́n tún pe bàbá mi sí Lagos ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé. Wọn ò jókòó, wọn ò béèrè omi. Wọ́n ní kí àwọn àbúrò mi bọ́ síta.

"Àwọn ará Botswana kọ̀wé béèrè nípa mi lọ́wọ́ Madam," wọ́n wí. "Madam ò fẹ́ kí n lọ. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kọ ètò ẹ̀kọ́ fún Haskett? Ìwé kan ló fi ránṣẹ́ sí wọn."

Ìyá mi ń wo èmi àti bàbá mi, wọn ò mọ ohun tó ń lọ.

"Wọ́n gbé e síwájú mi. Mo rí i níbẹ̀ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Haskett ni mí, pé mi ò tíì mọ ìṣirò. Ìfọwọ́sí mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gún régé. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"I'm sorry, Daddy. I didn't know they would..."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Èmi ni. Madam ló ní kí n ṣe é." Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Ẹ ṣáà ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i?"

"Mo ní èmi ni."

Ìyá mi pariwo. "Bàbá Bùnmi, kí ló dé?"

"Bí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á ní ta ni. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n kọ láyé yìí. Ṣé kí n fa ọmọ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí n lè lọ máa gbé ilé oníyàrá mẹ́ta?" Wọ́n yíjú sí mi. Ohùn wọn ò le, ó sì wù mí kó le. "Botswana ti lọ, kó máa lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o ka ìwé náà kí o tó fọwọ́ sí i?"

"Mo kà á, sà."

"Nígbà tí o kà á, ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni?"

Ì bá rọrùn fún mi láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé náà, kò jọ irọ́ lójú mi. Mo ti fi ojú ara mi rí i pé bàbá mi ló ń parí ìṣirò tí Haskett kò lè parí, síbẹ̀ mo gbà pé Haskett ló mọ̀wé jù. Bàbá mi rí ìdáhùn náà lójú mi, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún bàbá mi.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi fi iṣẹ́ olùkọ́ náà sílẹ̀. Ekosodin, lẹ́bàá ọgbà yunifásítì Benin, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tí ìṣirò ń dà láàmú, nínú yàrá kan tí kò ní pátákó gidi. Haskett kò lo oṣù mẹ́ta sí i. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún un mọ́, ó rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Madam ti rí òyìnbó mìíràn he kí sáà tó parí. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó ń ka èyí, ẹ fi Haskett ṣẹ̀sín bó ṣe wù yín, ẹ bú Madam, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ tí wọn ì bá rí pa mọ́ bàbá mi, bí kò bá sí ọmọ kan nínú ilé tó ti gbà ṣáájú pé bàbá òun kò tó nǹkan.