Ọmọkùnrin Inú Gíláàsì

Nígbà tí Rodiat yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, Síkírù onífọ́tò kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin kan ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ òun wá. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wà lọ́rùn ẹni náà, ó gẹ fìlà sápá kan, ó sì ń yan bí ọkọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ tí ọmọbìnrin yìí kan náà jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú kámẹ́rà nínú ìró àti bùbá àdìrẹ, tó ya fọ́tò àkọ́kọ́, tó ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí òun lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ̀rín gbé Síkírù. Ó rín in títí tó fi di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé kámẹ́rà dúró mú, kó má baà ṣubú lulẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rín in tán, Bọ̀dá?" Rodiat ò fi eyín hàn rárá.

"Má bínú, Sístà. Mi ò rírú ẹ̀ rí ni. Ìyàwó ta lo fẹ́ lọ gbà lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà yà mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, inú fọ́tò kan ṣoṣo ni kí obìnrin àkọ́kọ́ yẹn àti ọkùnrin yìí jókòó sí, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Kí ló máa dé tí mi ò ní lè ṣe é?"

Ó yà á. Kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ká ní ọ̀kan nínú àwọn onífọ́tò àtijọ́ ló wà níbẹ̀ ni, ẹni náà ì bá ti mọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, àwa kì í sọ pé ó kú. A ó ní ó lọ sọ́jà, tàbí ká ní ó wà l'Ékòó. Èyí tó kù á wá wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á wọ aṣọ èkejì, wọ́n á tún yà á. Onífọ́tò á so wọ́n pọ̀, kí ìyá wọn lè rí ọmọ méjèèjì lójú kan. Kẹ́hìndé ni Rodiat. Ọkùnrin ni Táyé rẹ̀, ó sì ti lọ láti ìgbà tí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò tíì gba orí kan etí, tí ilé-ìwé kò tíì gbà wọ́n.

Síkírù ò mọ̀yí. Ọmọ Ìwó ni, ó wá ń gbé yàrá kan ní Lásunwọ̀n, n'Íkòròdú. Ìdí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Rodiat náà ò sọ fún un. Láti ìgbà tó ti wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìgbògbò ló ti fi orúkọ Kẹ́hìndé sílẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí béèyàn bá ti gbọ́ ọ báyìí, ohun tí wọn ó béèrè tẹ̀lé e ni, "Táyé ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀, Fàlílátù, ń yan ẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Òun ló ní Rodiat ò ní wọlé ọkọ láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ rí àwọn ọmọ òun méjèèjì pa pọ̀, bí wọ́n ṣe dàgbà.

Kò pẹ́ tí fọ́tò náà fi ṣetán, ó sì dára. Síkírù tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Tó bá gbé e fún un, kí ni yóò tún mú Rodiat padà wá sọ́dọ̀ òun?

"NEPA ò jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe," ló wí lọ́jọ́ tí Rodiat kọ́kọ́ wá gbà á.

"Iná tó ń tàn lórí yín yìí ńkọ́?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó gbọ́ pé o ń bọ̀."

Rodiat mi orí, ó lọ. Ó tún padà wá, Síkírù ní bébà ló tán. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, kò béèrè fọ́tò mọ́ kó tó jókòó. Ó wo aṣọ ńlá tí wọ́n ya ọkọ̀ òfúrufú sí, èyí tí àwọn oníbàárà máa ń dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ yín ti ya níyẹ̀ẹ́, Bọ̀dá. Èrò inú ẹ̀ á já bọ́." Ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì rẹ̀, ó rán an. Síkírù ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó gbàgbé ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tù síta.

"Rodi mi, mo fẹ́ wá kí ìyá ẹ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Èwo ni Rodi mi? Ta ló fún yín?"

"Ẹni tó bá ti rán ọkọ̀ òfúrufú mi, mo ti ni ín nìyẹn."

Rodiat rẹ́rìn-ín. "Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ọ," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi ẹ̀yin pè é. "Àmọ́ mi ò tíì lè sọ ọ́."

"Ìgbà tó bá yá ẹ lára."

Ìwọ tó pè é yẹn dùn mọ́ Síkírù débi pé oúnjẹ ò wọlé fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣe ohun tí onífọ́tò tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ máa ń ṣe. Ó mú fọ́tò Rodiat tó dé fìlà yẹn, òun nìkan, ó tẹ̀ ẹ́ ní gbàǹgbà, ó gbé e kọ́ sínú àpótí onígíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ á ti rí i. Kò béèrè lọ́wọ́ olóhun. Eré ni lójú tirẹ̀. Ó fẹ́ kí Rodiat kọjá, kó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kó bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń ṣeré, kì í mọ ilé tí wọ́n ti ń fọwọ́ lẹ́rán.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọge àdúgbò ti ń dúró síwájú gíláàsì.

"Bọ̀dá Síkírù, ta ni bọ̀bọ́ yìí?"

"Àbúrò mi ni. Ó wà l'Ékòó. Ó ń wá ìyàwó."

"Ẹ ní kó má wulẹ̀ wá a lọ síbòmíì."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, òórùn ẹja yíyan ń rọra tẹ̀lé e. Fàlílátù ni. "Ẹ padà wá lọ́la" tí onífọ́tò ń wí fún ọmọ rẹ̀ ti sú u, ló bá wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kí òun fúnra òun wá fi àgbà bẹ̀ ẹ́. Kó tó sálámà, ojú rẹ̀ bọ́ sínú gíláàsì. Ó dúró. Ó tẹjú mọ́ ọn títí ọ̀kadà tó gbé e wá fi yí padà lọ.

"Ọmọ ta nìyí?" Ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Síkírù ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti di orin lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Àbúrò mi ni, Ìyá. Ó wà l'Ékòó. Ó ń wá ìyàwó. Ṣé ẹ lọ́mọ ni?"

Ìyá náà jókòó sílẹ̀, sórí yẹ̀pẹ̀, tòun taṣọ àtàtà tó wọ̀. Síkírù rò pé oòrùn ni. Ó sáré gbé omi inú ọ̀rá wá. Ìyá ò mu ún. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó dìde, ó tún wo inú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dá ọ̀kadà mìíràn dúró, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Rodiat dé. Kò wọlé. Iwájú gíláàsì ló dúró sí.

"O ti rí i?" Síkírù jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Gbogbo Lásunwọ̀n ló fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ìyá tó jókòó sílẹ̀ níbí lánàá," Rodiat wí, "ìyá mi ni. Ó yà sọ́dọ̀ wa ní Ìgbògbò. Ohun tó sọ ò ju pé òun ti rí Táyé, onífọ́tò ní Èkó ló wà. Ó wọkọ̀ padà sílé."

"Ta ni Táyé?"

"Kẹ́hìndé ni mí. Èyí tẹ́ ẹ gbé kọ́ síta yìí, Táyé mi ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ fún ìyá mi pé Èkó ló lọ. Ẹ̀yin náà tún wá sọ ọ́ fún un, ẹ fi ṣẹ̀rín."

Ara Síkírù tutù. Ó ti gbọ́ ọ pé òun ti padà di ẹ̀yin. "Rodi, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò béèrè. Látọjọ́ tí mo ti dé fìlà yẹn níwájú yín, ẹ ò béèrè. Ẹ ṣí àpótí yìí."

Ó ṣí i. Rodiat yọ fọ́tò náà, ó ká a sábẹ́ apá. "Ẹ má wá mi wá," ó ní, ó kọjá sí gáréèjì àwọn ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí lẹ́yìn ìgbà náà, kò ṣeé sọ. Ẹni tó bá ti wọlé, ìbéèrè ni Síkírù fi ń pàdé rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta lẹ fẹ́ fún? Ṣé ẹlòmíì lè rí i? Ọkùnrin kan tó wá ya pásípọ́ọ̀tù wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?"

Ó kù kan nílẹ̀. Fọ́tò ìbejì tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá gan-an ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, nítorí Rodiat bínú lọ láìmú un. Síkírù mọ̀ pé bí ìyá yẹn bá gégùn-ún fún òun, Rodiat ti bọ́ lọ́wọ́ òun títí ayé. Ó sì mọ̀ pé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Ó fi aṣọ mímọ́ wé e, ó wọkọ̀, ó gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ó béèrè ìyá Kẹ́hìndé títí dé etí ọ̀sà, ìdí ààrò ló ti bá Fàlílátù, èéfín bò ó. Síkírù dọ̀bálẹ̀ sínú eérú.

"Ìyá, èmi ni onífọ́tò—"

"Mo mọ̀ ẹ́. Dìde, aṣọ ẹ ti ń bà jẹ́."

"Ẹ jẹ́ n wà nílẹ̀ níbí, Ìyá. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má torí mi bínú sí Rodiat. Fọ́tò àwọn méjèèjì rèé, tó ti yẹ kí n fún yín látọjọ́ yìí."

Fàlílátù lọ fọ ọwọ́ ẹja. Ó tún un fọ̀, ó nù ún gbẹ, kó tó tú aṣọ náà. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, èjìká wọn kanra. Ó wò ó pẹ́. Síkírù ń dúró de èpè.

"Èyí ńlá tó wà nínú gíláàsì yẹn," ìyá wí, "Kẹ́hìndé mú un wá, ó ní òun fẹ́ jù ú síná. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wà lára ògiri mi."

Síkírù gbé orí sókè.

"Ṣó o rò pé mi ò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni? Ojú mi ò fọ́. Bàbá wọn ló ni fìlà yẹn. Àmọ́ láti ìgbà tí Táyé ti lọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi rí láìrẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n á ní ó wà l'Ékòó, wọ́n á máa wolẹ̀. Ìwọ tó ò mọ̀ mí rí, o sọ ọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ ni. O tún ní ó ń wá ìyàwó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo délé, mo ní, ọmọ yìí, o mà ti tó ẹni tó ń wáyàwó. Mo sùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí."

Ohun kan tú lọ́kàn Síkírù, bí ìgbà téèyàn bá sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ó nu ojú, ó ní èéfín ló kó sí òun lójú.

Rodiat ti dé láti etídò, ó gbé agbada ẹja sórí, ó dúró lẹ́yìn wọn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ò sọ èyí fún mi."

"O ò béèrè. O dé, ò ń fọ́nná lójú, o fẹ́ dá mi lóhùn ohun tí mi ò sọ. Gbé agbada yẹn kalẹ̀, kó o fún àlejò lómi. Ó ti pẹ́ nínú eérú."

Rodiat gbé omi wá. Ó fi eékún lélẹ̀ bó ṣe fún un, àmọ́ kò wojú rẹ̀. Ìyá ní kí àwọn méjèèjì kúrò lọ́rùn òun, ẹja òun ń jóná.

Wọ́n rìn dé etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́.

"Ṣé mo lè béèrè nǹkan?" Síkírù wí.

"Béèrè."

"Ṣó o máa fẹ́ mi?"

Rodiat wo omi. "Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú."

Síkírù rò ó. Ó jókòó sí etí ọkọ̀ kan, ó sì yẹ̀ fún Rodiat kóun náà jókòó. "Irú ọmọ wo ni Táyé?"

Kò sẹ́ni tó bi Rodiat ní ìyẹn rí. Ó kọ́kọ́ rọra ń wá ohun tó máa sọ. Ó ní Táyé máa ń jẹ ẹja tirẹ̀ tán, á na ọwọ́ sí tòun, á ní ológbò ló jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ológbò. Ó ní ó ń bẹ̀rù ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àfi kí òun di etí rẹ̀ méjèèjì fún un. Ó sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, títí àwọn apẹja fi gúnlẹ̀ tí wọ́n ń kí wọn pé ẹ kú ìjókòó. Síkírù ò gbójú kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Rodiat mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀.

"Èyí tó o kọ́kọ́ béèrè yẹn," ó ní, "mo gbà."