Ẹ̀yìn Òjò

Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, wọn kò sọ ọ́ fún mi. Àlímì àbúrò mi, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá rò pé mo ń purọ́, kó lọ bi í.

Lọ́dún 1988, ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ kan ní Garki, wọ́n ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa ka àwòrán tí sátẹ́láìtì tuntun kan yóò máa yà láti òkè. Sátẹ́láìtì ọ̀hún kò tíì kúrò nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ojú wa ti mọ àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó rán an lọ.

Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá ló ń kọ́ wa, n kò sì tíì rí olùkọ́ bíi tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì funfun àti pátákó dúdú ló ń lò. Bó bá ya ìkùukùu tán, ẹ ó rò pé ó ń rìn. Bí kíláàsì bá tú, àwa Yorùbá a dúró kó fi èdè wa tún un sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ya Abuja àti agbègbè rẹ̀ pẹ̀lú ìkùukùu lórí wọn, ó bi mí pé níbo ni òjò wà. Mo nawọ́ sí ibi tó dúdú jù.

"Òjò ṣú níbí, Mà."

Àwọn yòókù mi orí. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé òjò tó máa rọ̀ á kọ́kọ́ ṣú?

Ó rẹ́rìn-ín. "Ikùn òjò lẹ mọ̀. Láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa rí. Ẹ̀yìn òjò funfun."

"Ta ló ti rí i, Mà?" Sàkáríyà tó jókòó tì mí ló ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kun ibì kan títí ó fi funfun báláú. Orozo ni ibẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò nu ojú kan péré láàárín funfun náà.

"Òní ni," ó ní.

Ọwọ́ rẹ̀ ń kán. Omi ni.

Orozo ni Àlímì wà lọ́jọ́ náà, lórí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó ń kan páànù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Nyanya, mo wọ òmíràn níbẹ̀. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́. Ojú ń tì mí, àgbàlagbà tó ń sá fún ṣọ́ọ̀kì.

Àlímì wà lókè lóòótọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀. Òjò ń bọ̀."

"Òjò wo, ẹ̀gbọ́n? Kò ṣú."

"Kò ní ṣú."

Ó wojú ọ̀run, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, Abuja ti ń yí yín lórí." Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ojú ọ̀run kò ṣú, funfun ló funfun. Òjò dé láìsí ààrá. Ìjì ká páànù kúrò lórí ilé, ó gbé igi òrùlé tí Àlímì ti dúró lé tẹ́lẹ̀, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ là ń wò, ẹ̀kán omi kan kò sì kàn wá. Ibi tí a dúró sí gbẹ, ó rí roboto, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Mo na ọwọ́ sínú òjò náà, mo fà á padà. Ṣọ́ọ̀kì ló wà lára rẹ̀.

Àlímì di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe?"

"Èmi kọ́."

Ní ọjọ́ kejì mo tètè dé Garki láti dúpẹ́. N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá ń nu pátákó, kò wẹ̀yìn.

"Ṣé ojú àtàǹpàkò mi gba ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní ó gbà wá, Mà. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì dùn.

"Ó dáa. Ẹ jókòó. Níbo la dé?"

Mo jókòó. Sátẹ́láìtì yẹn ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà.