Gòjé Tí Kò Dún

"Tonka, ṣé o ti mọ ojú ìwé kẹta yẹn dáadáa?" Bàbá Stipan bi mí bí a ṣe ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti fẹ́ ta gòjé fún àwọn ará ìlú. Apẹja tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwa méjèèjì la jọ ń wo ìwé orin kan náà.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá." Irọ́ gbuu ni.

Ẹgbẹ́ onígòjé ìlú wa kì í lé ẹnikẹ́ni, ọmọdé ń bẹ níbẹ̀, arúgbó ń bẹ níbẹ̀. Àǹtí Nediljka tó ń darí wa máa ń pín orin sí ipa tó le àti ipa tó rọrùn tí àwọn ọmọ kéékèèké ń ta lẹ́yìn. Ẹni tí apá rẹ̀ ò bá ká tirẹ̀, kó ṣáà ti sọ. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n lọ jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké? Kí Zorka ọmọ kíláàsì mi, tó jókòó síwájú èrò níbẹ̀ yẹn, lè máa pè mí ní ìyá jẹ́lé-ó-sinmi? Ká má rí i!

Orin bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ṣí ojú ìwé kẹta, mo gbé ọ̀pá gòjé kúrò lára okùn díẹ̀, mo ń fà á lásán. Ta ló máa mọ̀?

Bàbá Stipan ṣi orin ta, wọ́n tún ṣì í, wọ́n wá dákẹ́. Gbogbo orin dàrú. Àǹtí Nediljka sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú," Bàbá dìde. "Ojú mi ò ríwèé mọ́ láti èṣín. Gòjé ọmọ yìí ni mò ń gbọ́ tẹ̀ lé. Mi ò gbọ́ ọ mọ́. Etí náà ti lọ nìyẹn. Mi ò ta gòjé mọ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú àpótí gòjé wọn. Bí mo bá dákẹ́, àṣírí mi bò, àmọ́ bàbá yìí ò ní fọwọ́ kan gòjé mọ́ láyé.

"Etí yín ò di, Bàbá!" Mo bú sẹ́kún. "Èmi ni mi ò ta nǹkan kan. Mi ò mọ orin náà!"

Zorka kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo gbé àga mi lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké.

"Ọmọ burúkú," Bàbá ní, "o fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di adití." Ni wọ́n bá gbé àga tiwọn tẹ̀ lé mi. "Ó yá, ta á sókè kí n gbọ́."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí apá yín ò bá ká, ẹ sọ ọ́. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Irọ́ tí a bá fi bò ó ni ẹlòmíì máa ń jìyà rẹ̀.